Ilé Là Á Wò Kí A Tó Mú Ajá Darandaran Ńlá Wálé

Ẹni tó bá rí German Shepherd tó dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ni ín, tí etí rẹ̀ nà sókè, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọ̀gá rẹ̀, kò ní ṣàì fẹ́ irú rẹ̀ nílé. Èmi náà fẹ́ràn wọn gan-an. Ìfẹ́ yẹn ló ń mú kí n máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé kó má tíì lọ wo ajá kankan. Kó kọ́kọ́ wo ilé tirẹ̀. Àwọn ajá ńlá tí wọ́n ń dá padà, tàbí tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ajá burúkú. Iṣẹ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, a sì mú wọn wá síbi tí kò sí iṣẹ́, tí kò sì sẹ́ni tó ráyè fún wọn.

Ẹ wá bébà kan àti bírò. Ẹ ó máa kọ nǹkan sílẹ̀ bí a ṣe ń lọ. Kí gbogbo àgbàlagbà inú ilé jókòó síbẹ̀, kó má jẹ́ ẹni tó fẹ́ ajá nìkan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ sin ajá náà

Ọ̀nà méjì ni àwọn ajá tí wọ́n ń pè ní shepherd pín sí, wọn kò sì jọra nílé rárá.

Ìpín kìíní ni ajá darandaran gan-an. Òun ló ń da àgùntàn, òun ló ń yí agbo ká, òun ló ń dá èyí tó bá fẹ́ yapa padà. German Shepherd wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Belgian Shepherd, tí Malinois jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yà rẹ̀ mẹ́rin. Ní ọdún 1899, ọ̀gá ológun kan ní Jámánì, Max von Stephanitz, ra ajá kan tó ń jẹ́ Hektor Linksrhein, ó sọ ọ́ ní Horand von Grafrath, ó sì dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin German Shepherd sílẹ̀ ní ọdún kan náà. Ẹwà kọ́ ló ń wá. Ajá tó lè ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó sì ń wo ojú ẹni tó ń darí rẹ̀, ni ó ń wá. Ìwà yẹn ló jẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá àti ọmọ ogun gbà á nígbà tó yá, òun náà ló sì jẹ́ kí abo German Shepherd kan tó ń jẹ́ Buddy lè máa fi ọ̀nà han Morris Frank, ọkùnrin afọ́jú ará Amẹ́ríkà, láti ọdún 1928.

Ìpín kejì ni ajá aṣọ́gbo, ìyẹn èyí tó ń ṣọ́ agbo ẹran: Caucasian Shepherd, Kangal, Maremma, Great Pyrenees. Àwọn yìí kì í da ẹran. Àárín àgùntàn ni wọ́n ti ń tọ́ wọn láti kékeré, kí wọ́n lè ka agbo sí ẹbí wọn, kí wọ́n sì dúró de ìkookò. Darandaran lè wà lókè òkè, kó má sí nítòsí rárá, nítorí náà àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń pinnu ohun tó léwu àti ohun tí kò léwu.

Ẹ wá ronú bí èyí ṣe máa rí nínú ilé. Ajá darandaran ń retí àṣẹ. Tí àṣẹ kò bá wá, yóò wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀: á máa lé kẹ̀kẹ́, á máa yí àwọn ọmọdé tó ń sáré ká, á máa fi eyín kan gìgísẹ̀ wọn, á gé férémù ilẹ̀kùn jẹ. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ á ní ajá náà ya ìpátá. Ajá aṣọ́gbo ní tirẹ̀ á sùn kalẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ ó máa rò pé ọ̀lẹ ni. Tí ilẹ̀ bá ṣú, iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, á sì máa gbó sí gbogbo ìró tó bá gbọ́. Ẹ pè é, ó gbọ́ yín, ó ń rò ó bóyá kó wá. Àlejò tí ẹ fọwọ́ ara yín gbà wọlé lè tún di àjèjì lójú rẹ̀ bí ẹ bá ti kúrò nínú yàrá.

Ìwọ̀n wọn náà yàtọ̀. Akọ German Shepherd máa ń wọ̀n tó kílò 30 sí 40, ó sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 65 ní èjìká. Abo rẹ̀ jẹ́ kílò 22 sí 32. Akọ Malinois kò ju nǹkan bíi kílò 25 sí 30 lọ. Akọ Caucasian kì í sábà wọ̀n kéré sí kílò 50.

Tèmi ni pé ẹni tí kò tíì ní ajá rí kò gbọdọ̀ fi ajá aṣọ́gbo bẹ̀rẹ̀, àfi bó bá ní àgùntàn tàbí ewúrẹ́ tó nílò ẹ̀ṣọ́ ní tòótọ́. Kó má sì jẹ́ kí kíkéré Malinois tàn án. Nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ, òun ló ṣòro jù láti fi ọwọ́ lẹ́rán pẹ̀lú.

Lórí bébà yín, ẹ kọ irú ajá tó wù yín, kí ẹ sì kọ ìpín rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: iṣẹ́ wo la ní fún un? «Kó máa ṣọ́ ilé» kì í ṣe ìdáhùn tó pé. Ajá tí wọn kò kọ́ ní nǹkan kan, tí wọ́n kàn fi sẹ́nu ọ̀nà, kò mọ olè yàtọ̀ sí ẹni tó mú lẹ́tà wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka wákàtí yín, kí ẹ sì ka ti ọjọ́ tó le jù

Níbí ni ọ̀pọ̀ ilé ti máa ń rí òótọ́. Ẹ fa ìlà ọjọ́ méje sórí bébà. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ẹni tó wà nílé láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹ má kọ ọ̀sẹ̀ tó dára. Ẹ kọ ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ pọ̀ jù, tí ọmọ ń ṣàìsàn, tí ọkọ̀ bàjẹ́, nítorí ajá kò ní mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ yẹn yàtọ̀.

German Shepherd tó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ sì le, nílò nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì ìrìn àti eré lóòjọ́, bí òjò ń rọ̀ bí oòrùn ń mú. Ìrìn nìkan kò sì tó. Ajá tó bá ń sáré lójoojúmọ́ láìlo ọpọlọ á kàn di ajá tí kò lè rẹ̀ mọ́ ni. Ohun tó ń mú un sinmi ni pé kó lo imú àti òye rẹ̀: kí ẹ fi oúnjẹ pamọ́ kó wá a, kí ẹ kọ́ ọ ní àṣẹ tuntun fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ jẹ́ kó tọ ipasẹ̀ ẹnì kan tó sá pamọ́. Ajá aṣọ́gbo kò bèèrè eré púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tó fẹ̀ ló ń fẹ́, tí yóò máa yí ká.

Tó bá jẹ́ ọmọ ajá lẹ fẹ́ mú, wákàtí tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń kọ́ ajá máa ń lò ni pé ọmọ ajá lè mú ìtọ̀ dúró fún nǹkan bíi wákàtí kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó ti lò láyé. Ọmọ oṣù méjì, wákàtí méjì, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ilé tí gbogbo èèyàn ti ń jáde láàárọ̀ tí wọn kò padà títí di alẹ́, kò tíì tó ilé ọmọ ajá. Láàárín oṣù mẹ́jọ sí ọdún kan ààbọ̀, ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ á dé: á ti tóbi bí àgbà, agbára á ti wà lára rẹ̀, àṣẹ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ á sì dà bí ẹni pé kò gbọ́ ọ rí. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí mo máa ń fi lé àwọn èèyàn lọ́wọ́, kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ẹ rin ìrìn náà láìsí ajá. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kí ẹni tó bá ní òun ni yóò máa mú ajá jáde jí láàárọ̀ kùtùkùtù, kó rìn fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, kó tún rìn bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ máa fi àmì sí bébà. Tí ọjọ́ tí ẹ kò rìn bá ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ, ẹ ti rí ìdáhùn yín, kò sì sí ẹran kankan tó jìyà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yẹ ilé àti àyíká wò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé. Tí ẹ bá ń gbé ilé ẹlòmíì, ẹ gba àṣẹ onílé ní kíkọ, kí orúkọ irú ajá náà sì wà nínú rẹ̀. «Ẹ lè sin ajá» kò tó. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ibi tí ẹ wà bóyá òfin gba irú ajá yẹn. Àwọn orílẹ̀-èdè kan kò gbà á: òfin tí Denmark ṣe ní ọdún 2010 ka Kangal àti Caucasian mọ́ irú ajá 13 tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní. Iléeṣẹ́ ìbánigbófò náà lè kọ irú ajá kan, tàbí kí wọ́n fi owó lé owó.

Ẹ lọ wo ọgbà. Ògiri tàbí ọgbà onírin tó ga tó mítà 1.8, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ dáadáa, ni mo lè pè ní ọgbà fún àwọn ajá yìí, nítorí wọ́n ń fò, wọ́n sì ń gbẹ́lẹ̀. Ajá aṣọ́gbo tí ọgbà kò dá dúró á máa fa ààlà rẹ̀ síwájú títí á fi gba àdúgbò. Ìlẹ̀kùn ọgbà ńkọ́? Ta ló máa ń ṣí i sílẹ̀ láìpadé?

Ilé tí kò ní ọgbà, tó wà ní àjà kẹta, kò fi dandan jẹ́ èèwọ̀ fún German Shepherd, bí ẹni tó ni ín bá jẹ́ ẹni tí ń jáde. Mo ti rí ajá nínú yàrá kékeré tí ara rẹ̀ balẹ̀, mo sì ti rí èyí tó wà nínú ọgbà gbọ̀ngbọ̀nràn tí ìbànújẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, nítorí wọ́n jù ú síta, kò sẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí n kò lè gbà ni kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so ó mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ìbẹ̀rù àti ìbínú ni ajá tí a so bẹ́ẹ̀ ń kó jọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ sún mọ́ ọn ni ajá náà máa ń gé jẹ.

Irun wọn ìpele méjì ni: ti òkè gùn, ó sì le, ti abẹ́ rí múlọ́múlọ́. Á máa re lórí àga, lára aṣọ, nínú oúnjẹ, ó sì sábà máa ń re púpọ̀ gan-an nígbà méjì lọ́dún. Ẹni tí irun ẹran máa ń fa ikọ́ tàbí síńsín fún kò gbọdọ̀ máa fi ìrètí ṣe é. Kó lọ jókòó ti irú ajá náà fún wákàtí mélòó kan nílé ẹni tó ní i. Níbi tí ooru bá ti mú, ẹ má fá irun náà, òun ló ń dáàbò bo awọ ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa rìn, kí òjìji àti omi sì wà fún un lọ́sàn-án.

Ẹ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ ṣáájú. Gbígbó òru ti da ilé àti ilé rú ju ohun mìíràn tí ajá ń ṣe lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wo àwọn èèyàn inú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan

Ta ló lè di okùn mú bí ajá tó wọ̀n kílò 40 bá fò sí ológbò tó sọdá ọ̀nà? Ẹ kọ orúkọ. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ta ló máa mú un jáde nígbà tí onítọ̀hún bá rìnrìn àjò? Ọmọ ọdún mẹ́wàá kọ́ ni ìdáhùn, bó ti wù kó ṣèlérí tó.

Níbi tí ọmọ kékeré bá wà, ohun tó léwu kì í ṣe eyín nìkan. Ìrù rẹ̀ lásán lè gbá ọmọ ọdún méjì ṣubú. Ajá àti ọmọdé kò gbọdọ̀ dá wà papọ̀, bí wọ́n ti fẹ́ràn ara wọn tó, kí àgbàlagbà má sì máa wò wọ́n láti ilé ìdáná. Kí ọmọ mọ̀ pé a kì í di mọ́ ajá tó ń jẹun, a kì í jí ajá tó ń sùn. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ yín tó ń wá ṣeré náà ń kọ́? Ajá lè gba ọmọ tiyín ní ọmọ agbo rẹ̀, kó sì rí ọmọ ẹlòmíì tó ń bá a jìjàkadì bí ọ̀tá. Àgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró dáadáa mọ́ náà yẹ ní ríronú lé.

Tí ẹnì kan nínú ilé bá sọ pé òun kò fẹ́, tàbí pé ẹ̀rù ajá ń ba òun, ẹ má fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Àgbàlagbà kan tó kọ̀ ti tó láti dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ajá máa ń mọ ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀, èèyàn kò sì yẹ kó máa bẹ̀rù nínú ilé ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ṣírò owó, kí ẹ sì mọ àìsàn wọn

Ìwọ̀n ara ló ń pinnu owó. Oúnjẹ, oògùn kòkòrò, oògùn oorun tí dókítà ẹran máa fún un bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, gbogbo rẹ̀ ń tẹ̀ lé kílò. Ẹ pe dókítà ẹran kí ẹ bèèrè iye tí abẹ́rẹ́ àjẹsára, títí kan ti dìgbòlugi, àti oògùn kòkòrò máa jẹ́ lọ́dún fún ajá kílò 40. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi ti oúnjẹ kún un, kí ẹ sì pín in sí oṣù méjìlá.

Lẹ́yìn náà ni ohun tí kì í bá oṣù dé. Oríkèé ìbàdí àti ti ìgúnpá àwọn ajá ńlá lè má wọ ara wọn dáadáa, German Shepherd sì wà lára àwọn tó máa ń ní in. Á máa dun ajá, á máa tiro, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ sì wọ́n. German Shepherd tún lè ní degenerative myelopathy bó bá ti ń dàgbà: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á máa rọ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní oògùn tó ń wò ó sàn. Ẹni tó máa gbé ajá kílò 35 lọ tọ̀ síta nígbà yẹn, ṣé ó wà nílé?

Èyí tó ń pa á kíákíá ni kí àpòlúkù kún fún afẹ́fẹ́, kó sì lọ́. Àwọn ajá tí àyà wọn jìn ló sábà máa ń ṣe. Àmì rẹ̀: ikùn wú, ó le, ajá fẹ́ bì ṣùgbọ́n nǹkan kan kò jáde, itọ́ ń dà, kò lè jókòó kò lè dìde. Wákàtí díẹ̀ ló kù fún un nìyẹn; oògùn ilé kò lè ṣe é. Ẹ wá dókítà ẹran tó ń ṣí lóru báyìí, kí ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí yín tó. Tí kò bá sí rárá, ẹ kọ ìyẹn náà sórí bébà.

Kí n fi èyí kún un: àwọn kan lára irú ajá darandaran, pàápàá Collie àti Australian Shepherd, àti German Shepherd díẹ̀, ní àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní MDR1, tó ń mú kí ivermectin, oògùn kòkòrò kan, di májèlé fún wọn bó bá pọ̀. Ẹ má ṣe fún ajá ní èyí tí wọ́n ṣe fún màlúù láé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ lọ bá àgbà ajá, ẹ má lọ bá ọmọ ajá

Ọmọ ajá á mú ọkàn yín lọ ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bá àwọn tó ní ajá ọdún méjì tàbí mẹ́ta sọ̀rọ̀, kí ẹ tọrọ ààyè láti di okùn rẹ̀ mú, kí ẹ bá wọn rìn, kí ẹ jókòó sílé wọn lálẹ́ nígbà tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ń tánni ní sùúrù jù lára rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ajá rẹ̀ tọkàntọkàn á sọ òótọ́ fún yín.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sin ajá tà, ẹ ní kí ó fi ìyá hàn yín. Ìyá tó ń bẹ̀rù tàbí tó ń bínú sí gbogbo èèyàn sábà máa ń bí ọmọ tó jọ ọ́. Ẹ bèèrè àbájáde àwòrán egungun ìbàdí àti ìgúnpá òbí méjèèjì. Ẹni tó bá ní «ara wọn le, ẹ kàn wò ó» kò tíì dáhùn. Ẹ bèèrè bóyá ìran ajá iṣẹ́ ni tàbí ti ìdíje ẹwà, nítorí agbára ìran ajá iṣẹ́ máa ń ga ju èyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé lè gbà lọ. Ọmọ ajá kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ sì ni láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí dé mẹ́rìnlá ni ọkàn rẹ̀ ṣí jù sí ohun tuntun: èèyàn, ariwo, ọkọ̀, ọmọdé. Èyí tí wọ́n tì mọ́nú ilé ajá ní gbogbo ìgbà yẹn á bẹ̀rù ayé, ajá ńlá tó ń bẹ̀rù sì léwu.

Ẹ má sì fojú fo àgbà ajá tó ń wá ilé tuntun. Ìwà rẹ̀ ti hàn, títóbi rẹ̀ ti hàn, ẹ sì lè bèèrè kó wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Fún ilé tó ń ṣiyèméjì, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ dámọ̀ràn.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ka bébà yín sókè

Kí ẹnì kan kà á, kí àwọn yòókù gbọ́. Tí kò bá sí àṣẹ onílé tàbí ti òfin, tí àgbàlagbà kan bá kọ̀, tàbí tí ilé bá ṣófo ní gbogbo ọ̀sán tí kò sì sí ẹni tí ẹ lè sanwó fún láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti di rárá nìyẹn, ó kéré tán fún ìsinsìnyí. Tó bá jẹ́ ọgbà nìkan ló kù, tàbí owó tí ẹ fẹ́ tọ́jú pamọ́, ẹ fún ara yín ní oṣù mẹ́fà kí ẹ tún kà á. Tó bá jẹ́ pé wákàtí ló dín díẹ̀, ajá mìíràn tó kéré, tí kò béèrè iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, lè bá yín mu dáadáa.

Tí gbogbo rẹ̀ bá wá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ẹran àti ẹni tó ń kọ́ ajá kí ajá tó dé. Ẹ bèèrè oúnjẹ tí wọ́n ṣe fún ọmọ ajá ńlá, kí ẹ má sì fi oògùn kálísíọ́mù kún un. Àlékún rẹ̀ máa ń ba egungun tó ń dàgbà jẹ́.

Ìlà kan ló kù lórí bébà náà. German Shepherd máa ń lo ọdún 9 sí 13 láyé, ohun púpọ̀ sì lè ṣẹlẹ̀ sí ìdílé láàárín ìgbà yẹn. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí kò sí nínú ilé yín, tó lè gba ajá náà bí àìsàn tàbí ìrìn àjò bá dé. Ẹ pe onítọ̀hún lónìí, kí ẹ sọ ìwọ̀n ajá náà fún un, kí ẹ sì gbọ́ ìdáhùn láti ẹnu rẹ̀.